Bí Aláìsàn Bá Ní Kí A Jẹ́ Kí Òun Kú

 

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí a máa ń fẹ́ gbọ́ nínú ilé. Bí ọmọdé bá dá a sílẹ̀, a óò ní kí ó panu mọ́. Bí àgbà bá dá a sílẹ̀, a óò ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Bàbá, ẹ óò pẹ́ fún wa," a óò sì yí ọ̀rọ̀ sí ti oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, tí ìrora kò jẹ́ kí ó fojú kan oorun, tí àwọn dókítà sì ti sọ pé àwọn kò rí nǹkan ṣe sí i mọ́, ǹjẹ́ ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n fún òun ní oògùn tí òun yóò mu, tí òun yóò sùn, tí òun kò sì ní jí mọ́?

Ohun tó mú wa kọ ọ́ nìyí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwa mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ lọ kí bàbá kan tó kọ́ wa ní kéwú nígbà tí a wà ní kékeré. Jẹjẹrẹ ni wọ́n ní ó wà lára bàbá, ó sì ti wọnú egungun. Wọ́n ti dá wọn padà wálé láti ilé ìwòsàn. Nígbà tí a jókòó tán tí a kí wọn tán, bàbá ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ bá mi bẹ dókítà kí ó fún mi ní abẹ́rẹ́ tí n óò fi máa lọ. Ó ti sú mi."

Ọ̀kan nínú wa ká áyà kan fún wọn láti inú Súrátù Nísáì, èyí tí Ọlọ́hun fi kọ̀ fún wa pé kí a má pa ara wa. Àwa yòókù ń mi orí. Bàbá wò wá títí, wọ́n ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ ní áyà yẹn," wọ́n sì kọjú sí ògiri. A ṣe àdúrà, a fi owó díẹ̀ sílẹ̀, a jáde. Kí a tó dé ìta ni ojú ti ń tì wá. Ohun tí a sọ kì í ṣe irọ́, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Síbẹ̀ a mọ̀ pé nǹkan kan wọ́ nínú bí a ṣe sọ ọ́, a kò sì mọ ohun náà nígbà yẹn. A óò padà sí ọ̀rọ̀ bàbá yìí.

Ní àwọn ìlú kan lónìí, ohun tí bàbá béèrè ti di ohun tí òfin gbà láàyè. Ní Hólàndì, òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2002: bí aláìsàn bá fúnra rẹ̀ béèrè, tí ìyà tó ń jẹ ẹ́ kò ṣeé fara dà tí kò sì ní ìrètí àtúnṣe, tí dókítà kejì sì ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, dókítà lè fún un ní oògùn ikú láìṣẹ̀. Bẹ́ljíọ̀mù tẹ̀ lé e ní ọdún kan náà. Ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú ti dìbò fún un láti 1994, òfin náà sì ti ń ṣiṣẹ́ láti 1997. Ti àwọn yàtọ̀ díẹ̀. Dókítà méjì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé aláìsàn náà kò ní lò ju oṣù mẹ́fà lọ láyé, dókítà á kọ oògùn fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi gbé e mu. Kánádà ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀ ní 2016 fún ẹni tí ikú rẹ̀ ti ń kanlẹ̀kùn. Nígbà tó fi máa di 2021, wọ́n ti sọ ilẹ̀kùn náà di gbayawu sí i, ẹni tí ikú rẹ̀ kò tíì sún mọ́ náà lè béèrè. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ní Ìlú Ọba, àwọn aṣòfin ilé kékeré dìbò lé irú àbá òfin bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹfà 2025, 314 ló fọwọ́ sí i, 291 sì kọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń ṣe nọ́ọ̀sì tàbí tó ń tọ́jú arúgbó ní ìlú yẹn. Wọn kò lè pe irú ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀rọ̀ Òyìnbó lásán. Ẹnu iṣẹ́ wọn ló ti lè bá wọn.

Kí a tó sọ tiwa, ó yẹ kí a gbọ́ ti ẹnì kejì dáadáa. Agbẹjọ́rò tó bá ń fi ọ̀rọ̀ alátakò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kò tíì gbọ́ ẹjọ́. Ọkùnrin kan wà ní Ìlú Ọba tó ń jẹ́ Tony Nicklinson. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú ní 2005 nígbà tó wà ní ìlú Athens. Láti ọjọ́ náà kò lè gbé ọwọ́, kò lè gbé ẹsẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ọpọlọ rẹ̀ pé pérépéré, kò sì sí ìyípadà kankan nínú rẹ̀. Ojú nìkan ló fi ń ṣẹ́ létà kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di ọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ kò sá fún un, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Síbẹ̀ ó lọ sí ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí dókítà ràn òun lọ́wọ́ láti kú, nítorí òun kò lè dá a ṣe. Ní oṣù kẹjọ 2012 ilé ẹjọ́ gíga ní ọwọ́ òun kò gba òfin yẹn. Ọkùnrin náà sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Ó kọ oúnjẹ, òtútù àyà mú un, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìdájọ́ tó fi kú.

Àwọn tó ń jà fún irú ọkùnrin yìí ní ọ̀rọ̀ tó lágbára lẹ́nu. Wọ́n ní, ta ló mọ ìrora ju ẹni tó ń jẹ ẹ́ lọ? Wọ́n ní, bí ajá yín bá ṣẹ́ lẹ́yìn, ẹ kò ní jẹ́ kí ó máa ké títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ṣé ọmọ ènìyàn kò tó ajá ni? Wọ́n ní, ẹni tó lágbára lè pa ara rẹ̀, òfin kò ní rí òkú mú. Ẹni tí kò lè gbé ọwọ́ nìkan ni òfin so mọ́lẹ̀. A kò gbọdọ̀ rò pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ báyìí fẹ́ràn ìpànìyàn. Àánú ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Àwa Yorùbá náà kò sì lè ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn baba wa ló ní ikú yá ju ẹ̀sín. A gbọ́ ìtàn Aláàfin Aólẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Àwọn ìjòyè kọ ọba sílẹ̀, wọ́n fi òfìfo igbá ránṣẹ́ sí i, ó sì mọ ohun tí igbá náà ń wí. Ó gégùn-ún tó gé, ó jẹ májèlé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kankan kò fi idà kàn án. Bí a bá fi ojú àwọn tó ń sọ ti ẹ̀tọ́ wò ó, Aólẹ̀ yan ikú fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé májèlé sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ta ló yan ikú yẹn ní ti tòótọ́? Ẹni tó mu ún ni, àbí àwọn tó gbé igbá wá?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn wá jù. Ní ọdọọdún ni ìjọba Oregon ń tẹ ìwé ìròyìn jáde nípa àwọn tó gba oògùn ikú, wọ́n sì ń kọ ìdí tí àwọn ènìyàn náà fi gbà á. Ẹ ó rò pé ìrora ni yóò ṣáájú. Rárá o. Ohun tó ń ṣáájú ni pé wọn kò ní lè dá ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe mọ́, pé ohun tó ń mú ayé dùn mọ́ wọn ti kúrò lọ́wọ́ wọn, àti pé iyì wọn ti wọmi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ń sọ pé àwọn kò fẹ́ di ẹrù sí ará ilé àwọn lọ́rùn. Ìrora wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló ń dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Iyì kì í ṣe ohun tí aláìsàn fi ń wo ara rẹ̀ nìkan. Nínú ojú àwọn tó yí i ká ló ti ń rí i. Bí ìyá arúgbó bá ń gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń pòṣé nígbà tó ń pààrọ̀ aṣọ ìbùsùn, bó bá ń gbọ́ tí wọ́n ń ṣírò owó oògùn ní pálọ̀, bó bá mọ̀ pé ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ ilé ni wọ́n tà, a kò tíì gbé òfìfo igbá fún un ni? Bí òfin bá wá dé tó ní ó lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ, ohun tuntun ti wọlé nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó lè bi í pé kí ló dé tó fi wà láyé. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ó bá jí láàárọ̀, òun ló yàn láti jí, òun ló yàn láti máa náwó ọmọ rẹ̀. Ẹni tó lówó tó sì gbó ẹnu lè pe èyí ní òmìnira. Fún aláìní, ìbéèrè tí yóò máa dáhùn lójoojúmọ́ ni.

Àwọn kan yóò ní, "Ẹ má bẹ̀rù, òfin ní kí wọ́n rí i dájú pé kò sẹ́ni tó fi ipá mú un." A ti gbọ́. Ṣùgbọ́n dókítà wo ló lè fi ìwé méjì àti ìbéèrè mẹ́wàá rí òṣé tí wọ́n pa lóru àná?

Ní ti ẹ̀sìn wa, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ṣókùnkùn. Ẹ̀mí kì í ṣe tiwa, àmánà ni lọ́wọ́ wa. Ẹni tí a fún ní nǹkan tọ́jú kò ní àṣẹ láti fọ́ ọ nítorí pé gbígbé e ti wúwo. Nínú Súrátù Nísáì, áyà 29, ibi tí Ọlọ́hun ti kọ̀ fún wa láti pa ara wa, ohun tó tẹ̀ lé e ni pé aláàánú ni Òun jẹ́ sí wa. Nígbà tí a ká áyà náà fún bàbá wa, ìdajì àkọ́kọ́ la tẹnu mọ́. Nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ ìtàn ọkùnrin kan láàárín àwọn tó ṣáájú, tí ọgbẹ́ ń dùn, tó fi ọ̀bẹ gé ọwọ́ ara rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi tán lára rẹ̀. Ọlọ́hun ní ẹrú Òun ti kánjú, Ó sì ṣe àlùjánńà ní èèwọ̀ fún un. Ohun tó dùn ún kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ka hádíìsì kejì tó wà nínú ìwé Muslim. Tufayl ọmọ Amr ará Daws ṣí lọ sí Mọ̀dínà pẹ̀lú ọkùnrin kan nínú ìran rẹ̀. Ara ọkùnrin náà kò gba ìlú náà, ó ṣàìsàn, kò lè mú un mọ́ra, ó fi irin ọfà gé oríkèé ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì dà títí ó fi kú. Tufayl rí i lójú àlá, ìrísí rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní Ọlọ́hun ti dárí ji òun nítorí híjírà tí òun ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ní wọn kò ní bá òun tún ohun tí òun fọwọ́ ara òun bà jẹ́ ṣe. Nígbà tí Tufayl sọ fún Ànábì, Ànábì kò bú òkú náà. Ó tọrọ pé kí Ọlọ́hun dárí ji ọwọ́ náà pẹ̀lú. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ènìyàn náà ṣì jẹ́ tiwa. Ẹni tó ń fi iná ọ̀run dẹ́rù ba aláìsàn, tàbí tó ń kọ̀ láti tọrọ àforíjì fún ẹni tí ìbànújẹ́ pa, kí ó rántí ọwọ́ tí Ànábì bẹ̀bẹ̀ fún.

Bẹ́ẹ̀ ni kíké pé "ó ti sú mi" kì í ṣe kèfèrí. Màríyámọ̀, ìyá Ànábì Isa, nígbà tí ìrọbí mú un lábẹ́ igi dàbínù, wí pé ìbá sàn kí òun ti kú ṣáájú ọjọ́ yẹn. Àlùkùránì ló sọ ọ́ fún wa nínú súúrà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kò sì sí ìbáwí kan níbẹ̀. Omi àti dàbínù ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ànábì wa kọ̀ fún wa láti máa tọrọ ikú nítorí ìnira, ó sì mọ̀ pé yóò dé ibi tí ènìyàn kò ní lè pa á mọ́ra. Ó ní bí ó bá di dandan, kí ẹni náà bẹ Ọlọ́hun kí Ó dá òun sí níwọ̀n ìgbà tí ìyè bá ṣàǹfààní fún òun, kí Ó sì gba òun nígbà tí ikú bá ṣàǹfààní fún òun.

Nǹkan kan wà tí a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ níhìn-ín, nítorí ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń dà á pọ̀. Pípa aláìsàn yàtọ̀ sí jíjẹ́ kí ó lọ nígbà tí àkókò rẹ̀ tó. Ìwé ìlànà iṣẹ́ ìṣègùn nínú Ìsìláàmù tí wọ́n gbé jáde ní Kuwait ní 1981 kọ pípa aláìsàn nítorí àánú, ṣùgbọ́n ó tún ní kí dókítà mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kí ó má máa fi ẹ̀rọ fa ẹni tí kò sí ìrètí fún mọ́ lẹ́yìn. Ní 1986, àwọn onímọ̀ fíkíhì láti ìlú púpọ̀ jókòó ní Amman, wọ́n sì gbà pé bí ọpọlọ bá ti kú pátápátá, tí àwọn dókítà tó mọṣẹ́ sì jẹ́rìí pé kò lè padà, a lè yọ ẹ̀rọ tó ń bá a mí. Obìnrin kan tí wárápá ń ṣe tọ Ànábì wá fún àdúrà. Ó fi yíyàn síwájú rẹ̀: kí ó ṣe sùúrù kí ó gba àlùjánńà, tàbí kí òun tọrọ ìwòsàn fún un. Ó yan sùúrù, ó kàn bẹ̀bẹ̀ pé kí ìhòòhò òun má máa hàn nígbà tó bá gbé òun. Orí hádíìsì yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ dúró lé pé gbígba ìtọ́jú kì í ṣe dandan ní gbogbo ìgbà. Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún tó bá ní òun kò fẹ́ iṣẹ́ abẹ mìíràn mọ́ kò pa ara rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà náà gbà ní 2001 pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú tí kò fẹ́, kí dókítà má sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan fúnra rẹ̀ mú ikú wá bá aláìsàn, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti ìhà gúúsù ní ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Abala 299 ní bí ẹni tó kú tilẹ̀ gbà kí wọ́n pa òun, kò gba ẹni tó pa á lọ́wọ́ ẹ̀bi. Abala 326 sì ní ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti pa ara rẹ̀.

Nítorí náà ọkàn wa balẹ̀, a ní, "Ọlọ́hun ṣeun, òfin ikú kò sí nílẹ̀ wa." Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun. Àwa tí a ń bá Hólàndì wí, mélòó nínú àwọn arúgbó wa ni kò sẹ́ni tó tún bẹ̀ wò mọ́ láti ọjọ́ tí owó tán? Mélòó ni wọ́n ti gbé kúrò ní ilé ìwòsàn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, tí a ní kádàrá ni? A óò wá pa màlúù lọ́jọ́ kẹjọ, a óò rán aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Owó màlúù náà ìbá ra oògùn ìrora oṣù mélòó? Ní Hólàndì wọ́n bi aláìsàn kí wọ́n tó ṣe é. Àwa kì í bi í.

A kò ní purọ́ pé ohun tí à ń wí yìí ìbá tẹ́ ọkùnrin tó ń fi ojú ṣẹ́ létà nì lọ́rùn. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ṣì fẹ́ lọ. Fún irú rẹ̀, kò sí ohun tí a lè fi dáhùn ju ìgbàgbọ́ lọ: pé ilé ayé kọ́ ni òpin ìṣírò, pé ìrora onígbàgbọ́ kì í ṣòfò lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, títí dé ẹ̀gún tó gún un lẹ́sẹ̀. Ẹni tí kò bá gba alùkìyámọ̀ gbọ́ kò ní rí adùn nínú ìdáhùn yìí, a kò sì lè fi ipá gbé e mì fún un. Ohun tí a lè sọ fún gbogbo ayé ni pé òfin tí a bá ṣe nítorí ẹnì kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòro yóò kan ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò sẹ́ni tó ń tọ́jú wọn. Kánádà ti fi hàn wá bí ilẹ̀kùn ṣe ń fẹ̀.

Ìrora wá ńkọ́? Ní 1967, obìnrin dókítà kan, Cicely Saunders, dá ilé ìtọ́jú St Christopher's sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn tí àìsàn wọn kò ní ìwòsàn. Ó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí kí ó tó kọ́ṣẹ́ dókítà. Ó kọ́ ayé pé kí wọ́n má dúró kí ìrora padà dé kí wọ́n tó fún aláìsàn ní mọ́fíìnì; kí wọ́n máa fún un ní wákàtí sí wákàtí, ní ìwọ̀n tó tọ́. Ó sì kọ́ wọn pé ìrora kì í ṣe ti ara nìkan, ó wà nínú ọkàn, ó wà nínú ilé, ó wà nínú ẹ̀mí. Kìrìsìtẹ́nì ni obìnrin náà, ó sì lòdì sí pípa aláìsàn títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní UCH Ìbàdàn, irú ìtọ́jú ìtura yìí wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo wà lára àwọn tó ṣe bẹbẹ láti gbé e dìde. Àwọn ará wa kan ń bẹ̀rù mọ́fíìnì pé oògùn olóró ni, pé yóò di bárakú. Ẹni tó kù oṣù méjì fún, kí ni bárakú fẹ́ ṣe fún un? Bí dókítà bá fi í pa ìrora ní ìwọ̀n tó yẹ, ìtọ́jú ni, kì í ṣe ìpànìyàn.

Nígbà tí a kúrò lọ́dọ̀ bàbá lọ́jọ́sí, a sọ fún ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá ní, "Ṣé ẹ bi wọ́n ibi tó ń dùn wọ́n?" A ní a kò bi wọ́n. Ìyá wò wá, wọn kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì wọ́n bá wa lọ.

"Áfáà," ìyá ní, "kí ló ń dùn yín jù?"

Bàbá kọ́kọ́ ní òru ni, pé hóró oògùn tí wọ́n ń fún òun kì í dé ọ̀gànjọ́. Ìyá dúró. Ó pẹ́ díẹ̀, bàbá wá ní ó ti tó ọjọ́ mọ́kànlélógún tí òun kò kírun. Ìtọ̀ ń dà lára òun láìmọ̀. Òun mọ bí ẹ̀sìn ṣe ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe, òun ló ń kọ́ àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìyàwó ọmọ òun ló ń fọ aṣọ òun, ojú ń ti òun láti tún ní kí ó máa gbé omi wá lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. "Bí n kò bá lè kírun," wọ́n ní, "kí ni mo tún ń ṣe níhìn-ín?"

Àwa tí a ti ká áyà fún wọn jókòó síbẹ̀, orí wa wà nílẹ̀.

Ìyá lọ bá dókítà, wọ́n sì rí mọ́fíìnì olómi gbà. Àwa pín ọjọ́ láàárín ara wa. Ọkùnrin méjì ní ìrun kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á nu ara wọn, á pààrọ̀ aṣọ, ọ̀kan á bu omi àlùwàlá, tàbí kí wọ́n ṣe tàyámọ́ọ̀mù bí òtútù bá mú. Orí ibùsùn ni wọ́n ti ń fi orí júwe. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá dá ọ̀kan nínú wa dúró láàárín súúrà, wọ́n ní ibi tó fà yẹn kò gbọdọ̀ fà.

Kì í ṣe pé wọn kò sọ ọ́ mọ́. Wọ́n tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lóru, pé kí Ọlọ́hun jọ̀wọ́ wá mú òun. A kò ká áyà kankan. A béèrè ibi tó ń dùn wọ́n, a bá wọn ṣe àmí sí àdúrà wọn, a gbé wọn yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án la fi ṣe é. Òru ọjọ́ tí wọ́n lọ, àwa méjì tó kàn ń gbóná omi àlùwàlá ìrun àsùbáà lọ́wọ́.